Kí Ẹ Tó Bèèrè Olè, Ẹ Bèèrè Òǹtẹ̀: Ìrírí Mi Lójú Ọ̀nà Kútọnu àti Lòmé

Adìrẹ ni mò ń tà. Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni mo ti ń kó o, Kútọnu àti Lòmé sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi wà, nítorí náà ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, ẹnubodè àwa àti Bẹ̀nẹ̀, kì í ṣe ọ̀nà àjèjì sí mi mọ́. Bí ará àdúgbò bá ti gbọ́ pé mo ń lọ, ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí kì í yí padà. "Ìyá Aládìrẹ, ṣé olè kò pọ̀ lọ́hùn-ún?" "Ṣé wọn kì í já fóònù gbà lọ́wọ́ èèyàn?" "Faransé tí wọ́n ń sọ yẹn ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni gbogbo wọn, n ó sì débẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa ń bi mí nípa òǹtẹ̀. Òǹtẹ̀ tí wọ́n ń lù sínú ìwé ìrìnnà lẹ́nubodè yẹn, òun ni mo kà sí ààbò àkọ́kọ́ fún ẹni tó bá wọ ìlú onílùú. Bí olè bá ja ẹni tó ní òǹtẹ̀, ó lè figbe ta. Ẹni tí kò bá ní in, ńṣe ni yóò gbé e mì.

Obìnrin kan wà tí a jọ ń tajà tí mo máa pè ní Ìyá Ìbejì. Ìyá Ìbejì kò ní sùúrù ìlà. Bó bá ti rí i pé èrò pọ̀ ní Sẹ̀mẹ̀, ọlọ́kadà ló ń yà sí. Ọlọ́kadà á gbé e gba ọ̀nà ẹ̀bùrú láàárín àwọn igi àgbọn, wọ́n á yọ sí Kraké ní òdìkejì láì fojú kan òṣìṣẹ́ ìjọba kankan. Kí n tó fi dé, ó ti jókòó sídìí ẹlẹ́kọ, á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìwé mẹ́wàá lẹ ń kọ fún wọn ni?" Bó ṣe ń ṣe é ní Hilla-Condji tí a ti ń wọ Tógò náà nìyẹn. Ó sì pẹ́ tó ti ń mú un jẹ.

Lọ́jọ́ kan ní Lòmé, lẹ́bàá ọjà Assigamé, àwọn méjì kan lórí alùpùpù já báàgì rẹ̀ gbà. Gbogbo owó ọjà tó ti pa láti Kútọnu wà nínú rẹ̀. Ariwo ta. Bí alùpùpù náà ṣe fẹ́ yà, èyí tó jókòó sẹ́yìn já bọ́, àwọn ọmọ ọjà sì bò ó. Obìnrin kan tó ń ta àtíkè níbẹ̀, ọmọ Kétu tó gbọ́ Yorùbá yékéyéké, ní kí a jẹ́ kí òun bá wa dé àgọ́ ọlọ́pàá, pé òun á máa túmọ̀ fún wa. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nígbà tí Ìyá Ìbejì rọra fà mí láṣọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ." N kò tètè mọ ohun tó ń wí. Ìgbà tí mo wo ojú rẹ̀ ló tó yé mi. Ohun àkọ́kọ́ tí ọlọ́pàá máa bèèrè lọ́wọ́ àjòjì ni ìwé ìrìnnà. Wọn kò lu òǹtẹ̀ ìjáde fún un ní Nàìjíríà, wọn kò lu ti ìwọlé fún un ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, wọn kò lù ú fún un ní Tógò. Lójú ìwé, Abẹ́òkúta ló ṣì wà. Bí olè ṣe rìn lọ nìyẹn. Báàgì ní tiẹ̀ ti bá ẹnìkejì rẹ̀ lọ tipẹ́.

Ìyá Ìbejì ṣì ń gun ọ̀kadà náà o. Ó ní ti Lòmé yẹn, àyànmọ́ ni.

Àwọn tó bá fẹ́ gbè é lẹ́yìn á ní, "ECOWAS ni gbogbo wa, kò sí físà láàárín wa." Òótọ́ ni, kò sí físà. Èkó níbí ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé tó dá ECOWAS sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 1975. Ní 1979, ní Dakar, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn mìíràn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ òmíràn kó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀ láìgba físà. Àdéhùn yẹn kan náà ló sọ pé onítọ̀hún gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, kó ní ìwé àjẹsára, kó sì gba ẹnubodè tí ìjọba là kalẹ̀ wọlé. Àwa gbọ́ "kò sí físà", etí wa dí sí ìyókù. Bó bá sì kọjá 90 ọjọ́, ìwé ìgbélùú lókù. Kí ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Mali, Burkina Faso tàbí Niger sì mọ̀ pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jáde kúrò nínú ECOWAS láti ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2025. Kí ó bèèrè ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọ́físì aṣojú wọn kó tó di ẹrù. Ohun tí èèyàn ṣe lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn lè máà bá ti ìsinsìnyí mu.

Kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ ìwé ti ń ṣe àwa Yorùbá lójú ọ̀nà yìí. Ọkọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé Kumasi títí ó fi gbọ́ Twi bí ọmọ onílẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó kọ́lé, àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ sílé ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ìwé ìgbélùú nìkan ni kò ní, nítorí kò sẹ́ni tó ń bèèrè rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Gáńà lábẹ́ Busia pàṣẹ pé kí àjòjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó fi Gáńà sílẹ̀. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin, Ṣakí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló kó ẹrù sórí lọ́rì. ECOWAS kò tíì sí nígbà náà. Nígbà tó di oṣù Kìíní 1983, Nàìjíríà náà wá lé àwọn ará Gáńà, ibẹ̀ ni báàgì onílà gàgàrà tí mo fi ń di adìrẹ títí dòní ti gba orúkọ "Ghana Must Go". Bàbá náà kò padà sí Kumasi mọ́. Àmọ́ láti ìgbà yẹn, kò sí ìwé tó kéré jù lójú rẹ̀ láti fi pamọ́. Nígbà tí a tú àpótí rẹ̀ lẹ́yìn tó kú, ìwé owó iná NEPA ọdún 1974 wà níbẹ̀, a ká a dáadáa sínú ọ̀rá.

Ó yẹ kí oníṣòwò mọ ìṣirò òǹtẹ̀. Láti Nàìjíríà dé Lòmé, wọ́n á lù ú jáde ní Sẹ̀mẹ̀, wọ́n á lù ú wọ Bẹ̀nẹ̀, wọ́n á tún lù ú jáde ní Bẹ̀nẹ̀ kí wọ́n tó lù ú wọ Tógò. Mẹ́rin nìyẹn, àbọ̀ sì tún jẹ́ mẹ́rin. Òǹtẹ̀ 8 fún ìrìn-àjò kan! Ẹni tó bá dé Accra, mẹ́rin mìíràn ni yóò fi lé e. Ìwé olójú-ewé 32 kì í pẹ́ kún lọ́wọ́ irú wa. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 2025, ìwé olójú-ewé 32 tó ń lo ọdún 5 ti di 100,000 náírà, olójú-ewé 64 tó ń lo ọdún 10 sì di 200,000. Owó gọbọi ni, n kò ní purọ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ pé òun á máa lọ déédéé, ti 64 yẹn ló máa dín ìnáwó kù fún un bó bá pẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ kan tún máa ń lu òǹtẹ̀ gbalaja sáàárín ojú ewé tó mọ́. Bí mo bá ti na ìwé mi sí wọn lójú fèrèsé, mo ti ṣí i sójú ewé tí àyè ṣì kù sí: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí." Púpọ̀ wọn máa ń gbọ́.

Ìwé kan tún wà tí Imigiréṣọ̀n ń ṣe fún ìrìn-àjò láàárín ilẹ̀ ECOWAS nìkan, ó sì dára fún ẹni tí kò ní í kọjá apá ìhín. Ṣùgbọ́n ìwé NIN tí a tẹ̀ sórí pépà, káàdì ìdìbò àti káàdì ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nílé. Mo ti rí ọkùnrin kan tó na káàdì ìdìbò jáde pẹ̀lú ìgboyà. Òṣìṣẹ́ yẹn wò ó, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó bi í pé, "Ta lẹ fẹ́ dìbò fún níbí?"

Yẹ́lò káàdì ló tún kàn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó fún èèyàn ní káàdì yẹn, ó sì gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 10 kí abẹ́rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ òfin ìrìn-àjò. Nítorí náà ẹni tó fẹ́ rìn lọ́la kò lè lọ gbà á lónìí. Àwọn kan ń tà á ní gáréèjì láìgún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́, àwọn tó ń rà á sì rò pé àwọn gbọ́n. Ibà pọ́njú kì í wo káàdì kó tó pa èèyàn. Láti 2019 ni Nàìjíríà ti ń ṣe tuntun tí wọ́n lè fi fóònù yẹ̀ wò, ti gáréèjì kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ohun mìíràn tí ó yẹ kí ẹ mọ̀: láti oṣù Keje 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ abẹ́rẹ́ yìí di ti ìgbésí ayé, ọdún 10 ti àtijọ́ ti parí. Ní ẹnubodè kan tí n kò ní dárúkọ, òṣìṣẹ́ kan gbé káàdì mi sókè, ó ní, "Màmá, káàdì yín ti kú." Mo ní, "Ọ̀gá mi, láti 2016 ni wọ́n ti ní kò gbọdọ̀ kú mọ́. Kódà èmi ni yóò ṣáájú rẹ̀ lọ." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá mọ̀wé," ó sì dá a padà. Bí mo bá bínú sí i ni, mo lè ṣì wà níbẹ̀.

Owó ọwọ́ kò ṣeé fò dá. Àwọn kan á ní ìwé ìrìnnà yín tuntun, pé wọn kò tíì lu òǹtẹ̀ kankan sínú rẹ̀ rí, "fájìn" ni, owó tirẹ̀ yàtọ̀. Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ níbì kankan. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń bèèrè rìsíìtì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó fẹ́ san án lóòótọ́. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n gba rìsíìtì tí n ó fi han bàbá ilé." Nígbà mìíràn wọ́n á ní kí n máa lọ. Nígbà mìíràn wọ́n á ní kí n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, n ó sì jókòó. Ẹni tí ìwé rẹ̀ pé ló lè jókòó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí nǹkan kan kù nínú tirẹ̀ á kánjú sanwó, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lójú. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń tètè jáde nílé: ẹni tó bá sùn ní Badagry, tó sì dé Sẹ̀mẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, kò sẹ́ni tó lè fi ìṣẹ́jú 30 dẹ́rù bà á.

Lójú ọ̀nà yìí, kọ̀ndọ́kítọ̀ ló máa ń gba ìwé ìrìnnà gbogbo èrò pọ̀, á da owó mọ́ ọn, á kó wọn lọ lù. Èrò á jókòó sínú ọkọ̀ máa jẹ gúgúrú. Èmi kì í fún un. Mo máa ń sọ̀ kalẹ̀, mo máa ń tò fúnra mi. Àwọn èrò á máa kùn pé mò ń dá àwọn dúró. Mo máa ń tọrọ àforíjì, n kì í sì í yí ìpinnu padà. Ìwé ìrìnnà tó bá kúrò lọ́wọ́ yín ti di ohun tí wọ́n lè fi darí yín. Bí báàgì kọ̀ndọ́kítọ̀ bá sọnù ńkọ́? Àmọ́ ìdí tó le jù lọ nìyí.

Nínú ọkọ̀ kan, ọmọbìnrin kan jókòó tì mí. Kò lè ju ọmọ ọdún 17 lọ. Búláòsì aláwọ̀ ewé ló wọ̀, ó di irun tuntun, gbogbo ìgbà ló ń wo obìnrin kan tó jókòó níwájú. Mo fún un ní búrẹ́dì, ó kọ́kọ́ wo obìnrin náà kó tó gbà á. Nígbà tí a dé ẹnubodè, mo ní, "Ó yá, ọmọ mi, jẹ́ ká lọ tò." Ó ní, "Ẹ má bínú, mà, àǹtí ló mú ìwé mi dání."

"Níbo lẹ ń lọ?"

"Málì, mà. Ṣọ́ọ̀bù irun ni wọ́n fẹ́ mú mi sí."

"Ìlú wo ní Málì?"

Ó kàn wò mí ni. Nọ́ńbà fóònù kan ló kọ sí àtẹ́lẹwọ́, òógùn sì ti ń pa á rẹ́.

Nígbà tó kàn mí lójú fèrèsé, obìnrin ni òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Bí mo ṣe ń na ìwé mi sí i, mo rọra sọ fún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tó wọ búláòsì ewé nínú bọ́ọ̀sì wa, ẹ bi í pé níbo ló ń lọ, ẹ sì bi í láìsí obìnrin tó wà pẹ̀lú rẹ̀." Kò dá mi lóhùn. Ó lu òǹtẹ̀ mi, ó dìde. Wọ́n pe ọmọ náà sínú yàrá kan, wọ́n pe àǹtí sínú òmíràn. Àǹtí ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni. Wọ́n bi àwọn méjèèjì ní orúkọ ìyá ọmọ náà. Orúkọ méjì ló jáde. Wọn kò padà wọ ọkọ̀ wa. Awakọ̀ bínú sí mi títí a fi dé Kútọnu, ó ní mo fẹ́ ba iṣẹ́ òun jẹ́. N kò bá a jiyàn.

NAPTIP, àjọ tí Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 2003 láti gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, kò yé pariwo nípa àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń kó gba ọ̀nà yìí lọ sí Málì pẹ̀lú irọ́ iṣẹ́ irun àti iṣẹ́ ilé oúnjẹ. Ẹ̀yin òbí, ẹni tó bá ní òun fẹ́ mú ọmọ yín lọ síbi iṣẹ́, kí ó fún yín ní orúkọ ìlú, orúkọ àdúgbò àti orúkọ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, kí ìwé ìrìnnà ọmọ sì wà lọ́wọ́ ọmọ. Bí ọmọ kékeré bá sì ń bá ẹbí rin ìrìn-àjò lóòótọ́, ẹ fún ẹbí náà ní ìwé ìbí ọmọ àti lẹ́tà tí bàbá àti ìyá fọwọ́ sí, kí nọ́ńbà fóònù yín wà nínú rẹ̀. Ẹnubodè tó bá bèèrè rẹ̀ kò ṣẹ̀ yín. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Sẹ́fà tí wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, BCEAO, báńkì tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kan jọ ní, ló ń tẹ̀ ẹ́. Sẹ́fà mìíràn wà tí báńkì mìíràn, BEAC, ń tẹ̀ fún Kamẹrúùnù, Gàbọ́ọ̀nù àti àwọn ará Àárín Gbùngbùn Áfíríkà. Iye kan náà ni méjèèjì sí yúrò, 655.957 fún yúrò kan, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta ẹja ní Dantokpa, ọjà ńlá Kútọnu, kò ní gba ti BEAC lọ́wọ́ yín láéláé. Àwọn kan lára àwọn tó ń pààrọ̀ owó lẹ́nubodè máa ń ki bébà 10,000 BEAC kan sáàárín ìdì owó. Ẹ má kàn ka iye, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀: "Afrique de l'Ouest" ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ ka owó náà lọ́wọ́ ara yín, kí ó gbẹ̀yìn sọ́wọ́ yín. Bí ó bá ní "ẹ mú un wá kí n tún un kà", ẹ gba náírà yín padà. Èmi kì í pààrọ̀ ju owó ọkọ̀ àti oúnjẹ lọ lẹ́nubodè. Ìyókù, mo ní oníbàárà ní Kútọnu tí a jọ mọ ara wa.

Ní Kútọnu, èdè kì í ṣe ìṣòro. Yorùbá pọ̀ níbẹ̀, Àjàṣẹ́ tí ìwé ń pè ní Porto-Novo kò sì jìnnà. Èèyàn lè ti òwúrọ̀ di alẹ́ láìsọ ọ̀rọ̀ Faransé kan ju "bonjour" lọ. "Bonjour" yẹn ṣe pàtàkì o. Ẹni tó bá dé ojú fèrèsé tó kàn na ìwé, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni lójú wọn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò kúnlẹ̀ ṣe rí lójú tiwa. Àwọn ọlọ́kadà wọn, sẹmijan, máa ń wọ ẹ̀wù yẹ́lò tó ní nọ́ńbà lẹ́yìn. Mo máa ń ka nọ́ńbà náà sókè sínú fóònù fún ẹnìkan kí n tó gùn ún, kí ọlọ́kadà náà gbọ́ mi. A ó dá iye owó kí n tó gbé ẹsẹ̀ sókè, báàgì á sì wà láàárín èmi àti ẹ̀yìn rẹ̀, kì í ṣe ní èjìká.

Bí ẹ bá ti kọjá Hilla-Condji, aago á padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Aago Bẹ̀nẹ̀ bá tiwa mu, ti Tógò àti Gáńà kò bá a mu. Èyí ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ pàdánù ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń bọ̀: wọ́n rò pé wákàtí kan ṣì ń bẹ, ilẹ̀ ti ṣú ní òdìkejì. Ẹ má wọ òkun Lòmé tàbí ti Grand-Popo láti wẹ̀, bó ti wù kó dákẹ́ tó. Omi etíkun yìí máa ń fa èèyàn láti ìsàlẹ̀, àwọn ọmọ etíkun gan-an ń bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ má ya fọ́tò ẹnubodè, ṣọ́jà tàbí ilé ìjọba. Ẹni tó fẹ́ ya ara rẹ̀ sórí WhatsApp kó dúró di ìgbà tó bá dé ọjà. Àríwá Bẹ̀nẹ̀ àti àríwá Tógò, lápá ibi tí wọ́n ti bá Burkina Faso pààlà, àwọn agbébọn ti ń da ibẹ̀ láàmú. Ní oṣù Karùn-ún 2019, wọ́n jí àwọn ará Faransé méjì gbé nínú ọgbà ẹranko Pendjari, wọ́n sì pa ẹni tó ń mú wọn kiri. Etíkun ni ọjà mi wà, n kò ní nǹkan ṣe lọ́hùn-ún. Oògùn kò gbọdọ̀ wà nínú ẹrù yín ju èyí tí dókítà kọ fún yín lọ, kí ìwé dókítà sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Láti 2017 tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti kọ lu àwọn tó ń ta oògùn ní Adjégounlè, nínú Dantokpa, ọ̀rọ̀ oògùn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀rín gbà mọ́. Ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni gbé páálí tí ẹ kò rí inú rẹ̀, kódà bí ọmọ ìyá yín bá ni.

Ẹni tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ tirẹ̀ lọ, bíráùn káàdì ECOWAS ni ìwé ìdójútòfò tí yóò gbà, kó sì ní ìwé ọkọ̀ tó bá orúkọ rẹ̀ mu.

Kí ẹ sì bèèrè bóyá ẹnubodè ṣí kí ẹ tó kúrò nílé. Àwa ará Abẹ́òkúta, Ìdíròkò ló yá wa jù. Ní oṣù Kẹjọ 2019 ni ìjọba ti gbogbo ẹnubodè orí ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí Sẹ̀mẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2020, Ìdíròkò kò sí lára àwọn tí wọ́n ṣí. Oṣù Kẹrin 2022 ló tó kàn án. Gbogbo àsìkò yẹn, Èkó la ń gbà yí ká, àwọn kan sì sọ igbó di ọ̀nà.

Nígbà àbọ̀, òǹtẹ̀ ìjáde ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Wọ́n á ní ilé làwọn ń lọ, kí ni àwọn tún ń tò fún? Bí wọ́n bá padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ìwé á sọ pé láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti wà ní Tógò, pé wọ́n ti kọjá 90 ọjọ́, owó ìtanràn á sì bẹ̀rẹ̀. Èmi máa ń tún ọjọ́ tó wà lórí òǹtẹ̀ kà kí n tó kúrò lójú fèrèsé, nítorí láàárọ̀, wọ́n lè má tíì yí ọjọ́ àná kúrò lórí rẹ̀. Bí ó bá ṣì, ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti sọ ọ́, kí wọ́n tún un ṣe kí wọ́n sì buwọ́ lù ú. Bí ọkọ̀ bá ti dé Badagry, ta lẹ fẹ́ rí?